Ẹ Jẹ́ Kí Ó Wọ Awò Rẹ̀: Ìtàn Awò Dúdú láti Ọdún Àpólò títí dòní

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bí ọ̀dọ́ bá wọ awò dúdú kọjá níwájú àgbà, ohun mẹ́ta ni àgbà náà lè rò. Ó lè rò pé àpólò ló ń ṣe ọmọ náà. Ó lè rò pé fààrí ló ń ṣe. Ó sì lè rò pé àfojúdi ni, pé ọmọ náà ń mọ́ òun lójú lẹ́yìn gíláàsì. Ohun kẹrin wà tí kì í sábà wá sí wa lọ́kàn: pé ìmọ́lẹ̀ ń gún ọmọ náà lójú, àti pé bí kò bá sí awò yẹn, ọwọ́ ni ì bá fi bojú rìn.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kà, n kì í ṣe dókítà ojú. Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àfín ni. Ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ, òun ló sì máa ń mú mi lọ sílé ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí a bá jáde láàárọ̀, tí oòrùn ti ń mú, tí ó ń ta yẹ̀rì lórí páànù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, á di ọwọ́ mi mú, á sì di ojú rẹ̀. Èmi ọmọ kékeré ni mo máa ń sọ fún un pé ọ̀kadà ń bọ̀.

Nígbà tí ó dé JSS 2, ìyá rẹ̀ ra awò dúdú kan fún un lọ́jà Òkìtìpupa. Ọjọ́ kẹta tí ó wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé ni tíṣà kan dá a dúró níwájú gbogbo kíláàsì. "Ta lò ń ṣe yangà sí? Bọ́ gíláàsì yẹn kí o tó bá mi sọ̀rọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ọ. Kò wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun tí ẹni tó jókòó tì í bá kọ sínú ìwé ni òun náà ń dà kọ, nítorí kò rí ojú pátákó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jókòó ìdánwò WAEC kí ó tó yege.

Mi ò rò pé ènìyàn burúkú ni tíṣà yẹn. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa awò dúdú ni òun náà mọ̀. Ìbéèrè tí mo wá ń bi ara mi ni pé, ta ló kọ́ wa?

Kí awò tó dé

Ojú tí kò gba ìmọ́lẹ̀ ti wà kí awò tó wà. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ ọ́n lára àfín. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí Yorùbá ń sọ, Ọbàtálá ló mọ ènìyàn, ọjọ́ tí ẹmu pa á ni ó sì mọ àwọn tí ara wọn yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe àfín ní ẹni òrìṣà, tí ẹni tó bá mọ àṣà kì í fi í fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n oòrùn kò mọ ọ̀wọ̀. Ohun tí wọ́n ní láti fi gba ara wọn lọ́wọ́ oòrùn kò ju akẹtẹ̀, ìborùn àti ibòji igi lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú àfín kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ wo ojú ara yín nínú dígí: ẹ ó rí òrùka dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó yí ọmọlójú ká. Iṣẹ́ òrùka náà dà bí ti aṣọ fèrèsé. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ihò ọmọlójú nìkan ni ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọlé. Mẹ́lánìn ló fún aṣọ fèrèsé yìí ní àwọ̀. Lára àfín, mẹ́lánìn kéré tàbí kí ó má sí rárá, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń gba ara aṣọ náà kọjá. Ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún tó ń gba àwòrán kò sì dàgbà bí ó ti yẹ. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ àfín kì í fi í rí ohun tó jìnnà dáadáa, tí ẹyin ojú wọn sì máa ń mì lọ mì bọ̀.

Àwọn mìíràn láyé ti bá ìmọ́lẹ̀ jà lọ́nà tiwọn. Ní àríwá ayé lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀, oòrùn tó bá lu yìnyín funfun máa ń ta padà sójú ènìyàn títí kò fi ní ríran fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn Inuit tó ń gbé ibẹ̀ gbẹ́ igi, egungun tàbí eyín ẹranko òkun, wọ́n la ojú tín-ín-rín gbọọrọ sí i, wọ́n sì fi okùn dè é mọ́ orí. Kò sí gíláàsì kankan níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó ń pa wọ́n lójú ti ń wá, kí wọ́n tó gbẹ́ igi tí yóò dí i.

Ní China, àwọn òǹkọ̀wé ròyìn pé àwọn adájọ́ máa ń fi òkúta dídán tó dúdú bí èéfín bo ojú bí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́, kí ẹni tó wà níwájú wọn má baà mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti China yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní nǹkan bí ọdún 1752, James Ayscough tó ń ṣe awò ní London kọ̀wé pé gíláàsì funfun ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù lójú. Ó ní kí àwọn ènìyàn lo gíláàsì aláwọ̀ ewé tàbí búlúù. Ó ti fura pé àwọ̀ lè ran ojú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà náà, kò tíì sí ẹni tó mọ àwọ̀ wo ló ń ṣe iṣẹ́ wo.

Ọdún Àpólò

Ìyá àgbà mi, tó ṣe púpurú tà títí ọwọ́ fi rẹ̀ ẹ́, kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ó mọ ọdún Àpólò. Bí ó bá ń ṣírò ọjọ́ orí àwọn ọmọ rẹ̀, á ní, "Lágbájá ti ń rá nígbà tí Àpólò dé."

Ní oṣù kẹfà ọdún 1969, àrùn ojú kan bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, ní ilẹ̀ Ghana. Bí ó bá mú ènìyàn, láìpẹ́ ojú á ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìpéǹpéjú á wú, omi á máa dà, ẹni náà kò sì ní lè wo ìmọ́lẹ̀. Ó ń ràn bí iná ọyẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ariwo ọkọ̀ Apollo 11 gba rédíò kan, ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ gbé lọ sínú òṣùpá. Ni wọ́n bá sọ àrùn náà ní Apollo. Àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn tó lọ tẹ òṣùpá mọ́lẹ̀ ló kó o bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wò ó. Ọkọ̀ náà kò gbéra títí di ọjọ́ 16 oṣù keje, ọjọ́ 20 oṣù náà ni ó sì balẹ̀ sórí òṣùpá. Àrùn tó ti wà ní Accra láti oṣù kẹfà kò lè jẹ́ ẹrù tí wọ́n kó bọ̀ láti òṣùpá. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í dúró de ẹ̀rí. Láti Ghana, àrùn náà tàn kálẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó wọ Nàìjíríà, ó sì kọjá sí Éṣíà. Nígbà tí ó dé Japan ní 1971 ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ rí kòkòrò tó fà á, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n wá ń pè ní enterovirus 70. Kí wọ́n tó rí i, orúkọ Àpólò ti di tiwa. Títí dòní, bí ojú ọmọ bá pọ́n ní Òkìtìpupa, ẹni tó kọ́kọ́ rí i kì í pe orúkọ mìíràn.

Ìyá àgbà ní nígbà náà, bí àpólò bá mú ẹnì kan nínú agboolé, wọ́n á wá awò dúdú fún un. Bí awò kò bá sí, á da ìborùn bojú. Ìdí méjì ni wọ́n ń sọ. Èkíní ni pé ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Èkejì ni pé ẹni tó bá wo alápólò lójú, àpólò á ràn án. Irọ́ ni èyí. Omi ojú, ọwọ́ àti aṣọ ìnujú ni kòkòrò náà fi ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ẹni tó wo alápólò lójú láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò fọwọ́ kan ohun tí ó lò, tó sì ń fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kò fi ojú wíwò kó nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ló borí òótọ́. Awò tí wọ́n kọ́kọ́ wá láti gba aláìsàn lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ di awò tí a fi ń gba ara wa lọ́wọ́ aláìsàn. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yí padà lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá wọ awò dúdú wọ ilé, ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "Kí lò ń fi pamọ́?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Kí a tó dá Àpólò nìkan lẹ́bi, àṣà wa náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá ohun tó ń sọ dé inú. Síbẹ̀, a tún kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àgbà. Ẹ wo ibi tí awò dúdú bọ́ sí láàárín òfin méjèèjì yìí. Àgbà kò rí ojú ọmọ láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ọmọ ń tẹjú mọ́ òun. Awò kan ṣoṣo, ẹ̀ṣẹ̀ méjì.

Fààrí náà dé. Ní Amẹ́ríkà ní 1929, Sam Foster bẹ̀rẹ̀ sí í ta awò oòrùn olówó pọ́ọ́kú ní etíkun Atlantic City. Láti ìgbà náà ni awò oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà láti fi gbafẹ́. Àwọn òṣèré àti olórin gbà á, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú fíìmù àti rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí ó ti rí lónìí, kò sí ayẹyẹ tí a ó ya fọ́tò tí awò dúdú kò ní sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun wá lu èdìdì mọ́ ọn. Láti ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1993 tí Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba títí di ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1998 tí ó kú, awò dúdú kò jìnnà sí ojú rẹ̀. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá dárúkọ rẹ̀, awò yẹn ni mo kọ́kọ́ ń rí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ China tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: alágbára ń rí ọ, ìwọ kò rí i. Àwọn òbí wa àti àwọn tíṣà wa gbé ayé lábẹ́ ìjọba yẹn. Bí awò dúdú bá ń bí wọn nínú, ó ní ibi tí ó ti wá.

Gíláàsì ọkọ̀ pàápàá kò bọ́ nínú ìfura yìí. Ní 1991, ìjọba ológun ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi gíláàsì dúdú sí ọkọ̀ láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òfin náà fàyè sílẹ̀: ẹni tó bá ní ìdí tó yè kooro lè gba ìwé àṣẹ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní àyè láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Wọn ò fún ẹ̀gbọ́n mi ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì.

Bí awò ṣe kọ́ iṣẹ́ rẹ̀

Nígbà tí awò dúdú ń kó orúkọ burúkú jọ lọ́dọ̀ wa, níbòmíràn àwọn kan ń kọ́ ọ ní iṣẹ́. Ìtàn yìí ni a kì í gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ṣàkíyèsí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yọ́ gíláàsì nínú iná ìléru ń tètè fọ́jú. Kùrukùru funfun ń bo inú ojú wọn. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún William Crookes. Ó po oríṣiríṣi èròjà pọ̀ mọ́ gíláàsì, ó dán ohun tó lé ní 300 irú rẹ̀ wò, ó sì jábọ̀ ní 1913. Ohun tí ó ń wá ni gíláàsì tí yóò dá ooru iná àti ìtànṣán UV dúró, síbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ yóò ṣì máa fi ríran ṣiṣẹ́. UV yìí ni ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, tó sì lè ba ojú jẹ́. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ayé ni pé dúdú lọ́tọ̀, ààbò lọ́tọ̀. Gíláàsì lè mọ́ gaara kí ó dá UV dúró. Ó sì lè dúdú bí èédú kí ó jẹ́ kí UV kọjá.

Bí a bá mọ èyí, a ó mọ ìdí tí awò ọjà kan fi lè burú ju àìwọ awò lọ. Bí òkùnkùn bá bo ojú, ọmọlójú á ṣí sílẹ̀ gbàgà láti wá ìmọ́lẹ̀. Bí awò náà kò bá dí UV, ẹnu ọ̀nà ni a ṣí sílẹ̀ fún olè. Ẹni tí mo máa ń ronú kàn níbí ni wẹ́dà etí títì tó fi awò fààrí jó irin. Iná wẹ́dà ń tú UV jáde gidigidi, awò oòrùn lásán kò sì tó o. Gíláàsì tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ wẹ́dà ló yẹ kí ó lò.

Ní 1929, Edwin Land, ọmọ ogún ọdún ní Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá lu ohun pẹrẹsẹ, bí ojú omi tàbí títì ọlọ́dà tí òjò pa, sábà máa ń ta padà ní ìbú. Land ṣe rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ ìbú yìí dúró, tó sì ń jẹ́ kí ti òòró kọjá. Ní 1937 ó dá ilé iṣẹ́ Polaroid sílẹ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa, tí wọ́n ń tu ọkọ̀ lórí omi látàárọ̀ dalẹ́, kò nílò kí n ṣàlàyé bí omi ṣe ń ta yẹ̀rì síni lójú. Irú awò yìí gan-an ló yẹ apẹja.

Ní 1964, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Corning, Stookey àti Armistead, kéde gíláàsì tó ń dúdú fúnra rẹ̀ nínú oòrùn, tó sì ń mọ́ bí ènìyàn bá wọlé. Òun ni a ń pè ní photochromic lónìí. UV inú oòrùn ló ń sọ èròjà inú rẹ̀ di dúdú. Ohun méjì ló yẹ kí ọmọ ilẹ̀ wa mọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, ooru kì í jẹ́ kí ó dúdú tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ní ọ̀sán gangan ní Òkìtìpupa, kò ní dúdú tó bí ó ti ń dúdú ní ìlú olótùútù. Ìkejì, gíláàsì iwájú ọkọ̀ ń dí UV, nítorí náà awò awakọ̀ lè má dúdú rárá bí ó bá jókòó sínú ọkọ̀. Ẹni tó rà á, tó sì rò pé wọ́n tan òun, wọn kò tàn án. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìyókù kan àwọn tí orí túúlu ń dà láàmú, tí wọn kì í lè wo iná nígbà tí ó bá dé. Ní 1991, àwọn oníwádìí ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ọmọdé tó ní irú orí fífọ́ yìí ní awò. Àwọn kan gba aláwọ̀ òdòdó pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní FL-41, àwọn yòókù gba búlúù. Ní oṣù àkọ́kọ́, ara tu gbogbo wọn díẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́rin fi pé, àwọn tó wọ FL-41 nìkan ni ìtura náà ṣẹ́kù fún: orí fífọ́ wọn bọ́ láti 6.2 lóṣù sí 1.6. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀, nítorí náà kí a má sọ ọ́ di idán. Ṣùgbọ́n ohun tí Ayscough fura sí ní London di ohun tí wọ́n dán wò tí wọ́n sì rí: àwọ̀ tó bá dí ìmọ́lẹ̀ tó ń dun olójú ló ń ran olójú lọ́wọ́.

Èwo ni kí a yàn?

Láti inú ìtàn yìí ni mo ti kó ìmọ̀ràn díẹ̀ jọ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń ra awò lórí wílíbárò.

Kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ló dé tí ìmọ́lẹ̀ ń gún wa lójú. Bí ó bá dé lójijì, tí ojú pọ́n, tí ó ń dùn, tàbí tí ìran ṣókùnkùn, ilé ìwòsàn ni kí a lọ. Awò dúdú lè bo àmì àrùn mọ́lẹ̀ títí yóò fi pẹ́ jù. Láti 1989 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà tó ń fi orúkọ àwọn oníṣẹ́ awò àti ayẹ̀wò ojú sílẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí a bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ ojú wa wò bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí a wá àmì UV400. Ìyẹn ni ààbò. Dúdú awò náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, láti 0 dé 4. Ìwọ̀n 3 ń jẹ́ kí nǹkan bí 8 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ kọjá, ó sì tó fún oòrùn ọ̀sán tiwa. Ìwọ̀n 4 dúdú ju èyí tí ènìyàn lè fi wakọ̀ lọ.

Ní ti àwọ̀, eérú kì í yí àwọ̀ ohun tí a ń wò padà. Àwọ̀ ilẹ̀ àti ti oyin ń dín búlúù kù, ọ̀pọ̀ àfín sì ń sọ pé ó ń jẹ́ kí nǹkan hàn kedere fún wọn. Ṣùgbọ́n ojú kò dọ́gba, kí olójú wọ̀ ọ́ jáde sínú oòrùn kí ó tó sanwó. Awò aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn awakọ̀ kan ń wọ̀ lálẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Òkìtìpupa nítorí iná ọkọ̀ kò ṣe wọ́n láǹfààní. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 fi hàn pé kò jẹ́ kí awakọ̀ rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkẹyìn, kí ẹni tí ara ojú rẹ̀ le má wọ awò dúdú kiri inú ilé. Ojú tó bá ti mọ́ òkùnkùn lára, ìmọ́lẹ̀ kékeré á máa gún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Fún àfín, awò nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ojú rẹ̀ wò kí wọ́n fún un ní awò ìríran tí wọ́n fi àwọ̀ sí. Kí ó ní fìlà olétí gbọọrọ. Kí ó jókòó níwájú, kí ó sì kẹ̀yìn sí fèrèsé. Kí ìwé rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá. Kò sí èyí tó wọ́n jù nínú wọn, yàtọ̀ sí awò náà.

Lẹ́tà sí ilé ìwé

Àwọn kan ti jà kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé ibi tó dé. Ní 2006, Jake Epelle dá The Albino Foundation sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2012, orílẹ̀-èdè wa ní ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àfín. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 13 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ fún àfín ní gbogbo ayé. Nígbà tí àjọ náà ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú fún ẹ̀tọ́ wọn ní 2015, ọmọ Nàìjíríà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àfín, Ikponwosa Ero, ni wọ́n yàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara gba ìbuwọ́lù ní Àbújá. Ìwé ti wà. Bí ìwé yóò ṣe ti Àbújá dé kíláàsì kan ní Ìkálẹ̀ ló kù.

Ní oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀, ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa yóò wọ JSS 1. Àfín ni òun náà. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń ṣòwò tirẹ̀ báyìí, ló mú òun àti ìyá rẹ̀ lọ yẹ ojú wò, òun ló sì san ìdajì owó awò náà. Awò aláwọ̀ ilẹ̀ ni, kò tilẹ̀ dúdú púpọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá ọmọ náà bi mí pé ìwọ tó wà ní yunifásítì, ṣé o lè bá wa kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé?

Mo jókòó, mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Mo kọ Àpólò sí i, mo kọ Crookes sí i, mo kọ òfin 2019 sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ọ̀gá ilé ìwé kò ní kà á dé ìdí." Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ yìí kò ṣe yangà sí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá bọ́ awò rẹ̀, kò ní rí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́, kí ó lè máa wo ohun tí ẹ ń kọ́ ọ."

Tirẹ̀ la mú lọ. Èyí tí mo kọ ni ẹ ń kà yìí.